Ibn Sina àti ìwé tí ó kà ní ìgbà 40

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Onímọ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó máa ń pa ìwé dé bí ó bá ti le. Ẹ gbọ́ ìtàn Abu Ali Ibn Sina.

Abúlé Afshana, nítòsí ìlú Bukhara, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 980. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí ó há Al-Kùránì sórí. Ìmọ̀ ìṣègùn kò le lójú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó fún un, mọ́ṣáláṣí ni í lọ láti kírun, kí ó sì tọrọ òye lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n ìwé kan borí rẹ̀: Mā baʿd al-ṭabīʿa, ìwé Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ará Gíríìkì. Ó kà á ní ìgbà 40 títí ó fi há a sórí, síbẹ̀ kò yé e. Ó sọ ìrètí nù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní ọjà àwọn oníwèé, alágbàtà kan na ìwé kan sí i. Ó kọ̀ ọ́. Alágbàtà ní dirham 3 péré ni, nítorí pé owó ń pọ́n ẹni tí ó ni ín lójú. Ó rà á. Àlàyé Al-Farabi lórí èrò Aristotle nínú ìwé ọ̀hún ni! Bí ó ti kà á tán nílé, gbogbo ohun tí ó ti há sórí bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ṣe sàráà púpọ̀ fún àwọn aláìní. Ẹ kíyè sí i: ìgbà 40 ni ó ti ro oko sílẹ̀ kí irúgbìn tó dé.

Nígbà tí ó di àgbà ní Isfahan, Abu Mansur al-Jabban, onímọ̀ èdè, sọ níwájú ọba pé kò kàwé tó nínú èdè Lárúbáwá. Ó dùn ún. Ọdún 3 ni ó fi jókòó ti àwọn ìwé èdè. Lẹ́yìn náà, ó kọ ewì àti lẹ́tà, ó sì mú kí wọ́n gbé e fún Abu Mansur bí ìwé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rú Abu Mansur lójú. Ibn Sina wá ń tọ́ka ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde. Abu Mansur tọrọ àforíjì.

Ọdún 1037 ni ó kú ní Hamadan. Ìwé ìṣègùn rẹ̀, Al-Qanun, ni wọ́n fi kọ́ni ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Nítorí náà, bí Alfiyya bá le, ẹ má pa á dé. Ẹ tún un kà, kí ẹ sì bi Àáfà yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ má yọ ọmọ kúrò ní ilé-kéwú nítorí pé ìwé le.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní. Àmín.