Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì

Ìwọ òǹkàwé mi, bí o bá wọkọ̀ ní Challenge, tí o gba Dùgbẹ̀ lọ sí Adámásingbà, o ó rí òpópónà Fájuyì. Ǹjẹ́ o mọ ẹni náà? Ọmọ Adó-Èkìtì ni, wọ́n bí i ní 1926. Akin lójú ogun ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Kóńgò ló mú kó gba àmì-ẹ̀yẹ Military Cross ní 1961.

Ní 1966, òun ni gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀gágun Ironsi, olórí ìjọba, wá dé sílé rẹ̀ n'Íbàdàn. Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ 29 oṣù Keje, àwọn sójà ọlọ̀tẹ̀ yí ilé náà ká. Ironsi ni wọ́n ń wá. Ìtàn tí àwọn bàbá wa sọ fún wa ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ń jiyàn sí i, ṣùgbọ́n onílé àti àlejò jọ kú ni. Ọ̀nà Ìwó ni wọ́n kó wọn lọ, nítòsí Lálúpọn ni wọ́n sì ti yìnbọn pa wọ́n.