Peter Medawar: Ọkùnrin tó tú àṣírí ìdí tí ara fi ń kọ kíndìnrín ẹlòmíràn

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n fún ní kíndìnrín ló ń jèrè rẹ̀ títí lọ. Ọmọ ìyá ẹni lè fi tinútinú yọ̀ǹda ọ̀kan nínú méjì tó ní, kí iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere, síbẹ̀ kí ara ẹni tó gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Ẹni tó jẹ́ kí aráyé mọ ohun tó ń fa ìjà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Brian Medawar.

Ọjọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Brazil. Ọmọ Lẹ́bánónì tó ń ṣòwò ni bàbá rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kàwé, ìmọ̀ nípa ẹranko ló sì kọ́ ní Yunifásítì Oxford. Kì í ṣe dókítà oníṣẹ́ abẹ rárá.

Ogun Àgbáyé Kejì ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1940, ọkọ̀ òfuurufú kan já lulẹ̀ nítòsí ilé rẹ̀, iná sì jó ọmọ ogun tó wà nínú rẹ̀ gidigidi. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ọ̀nà tí awọ ẹlòmíràn yóò fi mú lára ẹni tí iná jó. Ní Glasgow, òun àti Dókítà Thomas Gibson lẹ awọ ọkùnrin kan mọ́ ara ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin tí iná jó. Awọ náà kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ló bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n tún lẹ òmíràn láti ara ọkùnrin kan náà, kíá ni èyí bàjẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 1943, wọ́n fi han ayé pé àwọn ọmọ ogun inú ara ló ń dá àlejò mọ̀, tí wọn kì í sì í gbàgbé rẹ̀.

Medawar kò dúró síbẹ̀. Ní 1953, òun pẹ̀lú Rupert Billingham àti Leslie Brent fi èkúté hàn pé bí ara bá ti mọ àlejò láti inú oyún, kò ní bá a jà mọ́ tó bá dàgbà. Iṣẹ́ yìí ló fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1960, pẹ̀lú Macfarlane Burnet.

Ní 1954, ní Boston, Dókítà Joseph Murray gba kíndìnrín lára ìbejì kan fún èkejì rẹ̀ tí wọ́n jọra pátápátá. Ara kò bá a jà. Ṣùgbọ́n mélòó ló ní irú ìbejì bẹ́ẹ̀? Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá oògùn tó ń dín agbára ọmọ ogun ara kù, azathioprine sì wà lára àwọn àkọ́kọ́.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Medawar ní 1969, síbẹ̀ kò yéé ṣèwádìí, kò sì yéé kọ̀wé. Ọjọ́ 2, oṣù kẹwàá, ọdún 1987 ló kú ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọdún 2000 ni ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lónìí, bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fẹ́ fúnni kò bá tilẹ̀ bá ti aláìsàn mu, àwọn dókítà ibi tí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lè kọ́kọ́ sẹ́ àwọn ohun ìjà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ewu ìjà náà pọ̀ ju ti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu lọ. Ìdílé tó bá ń gbèrò rẹ̀ ní Èjìgbò, tàbí níbikíbi ní Èkó, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé owó iṣẹ́ abẹ nìkan kọ́ ni ìnáwó. Oògùn ojoojúmọ́ ń bẹ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé ń bẹ, nítorí ìjà náà lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ìrora kankan. Bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn lè pẹ̀tù sí i. Ẹni tó bá dá oògùn dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá lè pàdánù kíndìnrín tí ọmọ ìyá rẹ̀ yọ̀ǹda. Ara kì í gbàgbé àlejò. Medawar ló kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.