Ernie Pyle, akọ̀ròyìn bàálù tó bá àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ rìn

Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń fún àwọn oníròyìn tó mọ̀ nípa bàálù àti nǹkan ìjà ogun ní ẹ̀bùn ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Bí a bá gbọ́ orúkọ àwọn tó gbà á, ohun tó ń sọ sí wa lọ́kàn ni iye owó tí wọ́n fi ra bàálù ogun, bó ṣe ń sáré tó àti iléeṣẹ́ tó ṣe é. Iṣẹ́ tó le ni, a kò kó o dànù. Àmọ́ ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, inú ìròyìn bàálù gan-an ló ti gbajúmọ̀, síbẹ̀ ènìyàn tó wà nínú bàálù ló ń wò, kì í ṣe irin rẹ̀. Ernie Pyle ni wọ́n ń pè é. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer, èyí tí gbogbo oníròyìn Amẹ́ríkà ń lé, kò sì tíì pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ìbọn fi pa á.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1900 ni wọ́n bí i nítòsí Dana, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Indiana. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, òun nìkan sì lọmọ tí ìyá rẹ̀ bí. Kò fẹ́ràn oko rárá. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ojú omi, ṣùgbọ́n ogun parí kó tó parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó wọ yunifásítì Indiana ní 1919, ó ń bá wọn ṣe ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1923, nígbà tó kù díẹ̀ kó gba ìwé ẹ̀rí, ìwé ìròyìn kékeré kan ní ìlú La Porte fẹ́ gbà á síṣẹ́, ló bá fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àwa tí a jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ ìròyìn títí a fi gba dìpúlómà kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n ó ṣe é ní oore. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ti wà ní Washington, níbi tí ìwé ìròyìn Washington Daily News ti gbà á.

Níbẹ̀ ló ti fẹ́ Geraldine Siebolds, tí wọ́n ń pè ní Jerry, ní 1925. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò Ford kan, wọ́n sì wà á yí Amẹ́ríkà ká. Ó ṣiṣẹ́ ní New York fúngbà díẹ̀, ó tún padà sí Washington ní 1927.

Ọdún yẹn gan-an ni Charles Lindbergh dá nìkan fò láti New York dé Paris láìdúró. Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ bàálù, tí ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ń pè ní avion. Pyle rí i pé àwọn ìwé ìròyìn máa ń ké gbàjarè nígbà tí ẹnì kan bá fò kọjá òkun tàbí tí bàálù bá já, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́. Ní 1928 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú ìwé ojoojúmọ́ lórí bàálù, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bó bá parí iṣẹ́ ọ́fíìsì, pápá ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbà lọ. Ó ń jókòó ti àwọn mẹkáníìkì tí epo bò lọ́wọ́. Ó ń bá àwọn tó ń gbé lẹ́tà kiri lójú òfuurufú sọ̀rọ̀, àwọn tó ń fò lóru, nínú òjò àti kùrukùru, láìní ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn kò dàgbà. Ẹni tó bá mu kọfí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ̀wé ikú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

A fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí pé ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti yé e. Kò kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn lórí tábìlì oúnjẹ fẹ́ mọ bí ó ṣe rí lára ẹni tó wà lókè lóhùn-ún. Àwọn awakọ̀ náà gbẹ́kẹ̀ lé e débi pé òun ni wọ́n ń pè lórí tẹlifóònù bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ìwé ìròyìn mìíràn tó gbọ́. Ní 1932, nígbà tí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àwọn olótùú tó sì di dandan kó fi ojú ìwé náà sílẹ̀, àwọn awakọ̀ òfuurufú dáwó jọ, wọ́n ra aago fún un. Amelia Earhart, obìnrin tó dá nìkan fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì lọ́dún yẹn, ló fà á lé e lọ́wọ́. Bí ẹ bá bi wá, ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tó gbà fún ìròyìn òfuurufú nìyẹn, kò sì sí ìgbìmọ̀ kankan tó dìbò sí i.

Jíjókòó sẹ́yìn tábìlì kò bá a lára mu. Láti 1935, àjọ ìwé ìròyìn Scripps-Howard gbà kó máa rìn káàkiri, kó sì máa kọ ohun tó bá rí, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Òun àti Jerry gba ilẹ̀ Amẹ́ríkà já ní ìgbà tó lé ní 30. Òtẹ́ẹ̀lì ni ilé wọn. Ìgbésí ayé yẹn kò rọ Jerry lọ́rùn: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ọtí bá a jà gidigidi. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1942, wọ́n sì tún fẹ́ ara wọn ní 1943, nígbà tí ọkọ wà ní Áfíríkà tí ìyàwó wà ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé aṣojú ló dúró fún ọkọ níbi ìgbéyàwó.

Áfíríkà tí a wí yìí, Algeria àti Tunisia ni. Pyle ti wà ní London ní ìparí 1940 nígbà tí bàálù àwọn ará Jámánì ń da iná sórí ìlú náà lálaalẹ́. Ní oṣù kọkànlá 1942, ó bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ sí Àríwá Áfíríkà. Níbẹ̀ ló ti fi àwọn awakọ̀ bàálù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó tọ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ lọ, àwọn tó ń sùn nínú ẹrẹ̀. Ó ń kọ orúkọ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan àti ìlú tó ti wá, nígbà mìíràn àní òpópónà tí ilé bàbá rẹ̀ wà. Ìyá tó ń gbé ní abúlé kan ní Ohio lè ṣí ìwé ìròyìn, kó bá orúkọ ọmọ rẹ̀ pàdé. Nígbà tó yá, nǹkan bíi ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ 400 àti ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ 300 ló ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó wà lọ́kàn wa. Nínú ogun kan náà, àwọn ọmọ Dahomey wà níbẹ̀, àwọn tí Faransé kó kúrò ní abúlé wa tí wọ́n sì ń pè ní tirailleurs. Kò sí Pyle tó bá wọn rìn tó sì kọ orúkọ àti abúlé wọn ránṣẹ́ sílé. Ìdí nìyẹn tí ìtàn ọkùnrin yìí fi kàn wá.

Ní ìparí 1943, ó wà lórí òkè ní Ítálì, nítòsí San Pietro. Ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan, Captain Henry Waskow láti Texas, kú lójú ìjà. Lóru, lábẹ́ òṣùpá, wọ́n fi ìbaaka gbé òkú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti dágbére fún un. Ọ̀kan di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì rìn lọ. Kò ju ìyẹn lọ tí Pyle kọ. Kò sọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun, kò pe ẹnikẹ́ni ní akọni. Nígbà tó jáde ní oṣù kìíní 1944, Washington Daily News fi gbogbo ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ gbé e. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n fún un ní Pulitzer, fún iṣẹ́ tó ṣe ní 1943.

Ohun kan tún wà tó ṣe láti Ítálì tí a gbà pé ó ju ẹ̀bùn lọ. Láti ìgbà tó ti ń kọ ìròyìn bàálù ló ti mọ̀ pé awakọ̀ òfuurufú ológun ń gba ìdajì owó oṣù rẹ̀ lé e nítorí ewu fífò. Ó wá béèrè nínú ìwé ìròyìn pé kí wọ́n fi owó ìjà lé owó ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ náà, torí pé òun ló ń kú jù. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbé òfin náà kalẹ̀ ní 1944, dọ́là 10 lóṣù, orúkọ Pyle sì ni àwọn ènìyàn fi ń pè é. Dọ́là 10 kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti awakọ̀. Ṣùgbọ́n oníròyìn mélòó ló ti mú kí owó oṣù ẹnikẹ́ni pọ̀ sí i?

Ó gúnlẹ̀ sí Normandy ní ọjọ́ kejì ìkọlù ńlá oṣù kẹfà 1944. Ọjọ́ tó burú jù fún un ni 25 oṣù keje, nítòsí Saint-Lô. Bàálù Amẹ́ríkà tó lé ní 1,500 ń bọ̀ láti da bọ́ǹbù sórí àwọn ará Jámánì, kí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ lè kọjá. Ẹ̀fin ni wọ́n fi sàmì sí ojú ààlà. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀fin náà padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fúnra wọn, bọ́ǹbù sì tẹ̀ lé e. Pyle fò wọ ilé kan, ó rá pálá sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù pẹ̀lú ọ̀gágun kan, ó ń dúró de ikú. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà 111 ló kú lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá àgbà Lesley McNair wà lára wọn. Ẹni tó ti bá àwọn awakọ̀ jẹun fún ọdún mẹ́rin ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yìí. Ó kọ àṣìṣe náà sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì tún kọ ọ́ pé àwọn tó wà nílẹ̀ kò tìtorí rẹ̀ kórìíra àwọn tó wà lókè.

A lè bá a wí lórí ohun kan: kì í fi bẹ́ẹ̀ bi àwọn ọ̀gágun léèrè ìdí tí wọ́n fi rán àwọn ọmọ wọ̀nyẹn síbi tí wọ́n rán wọn sí. Òótọ́ ni pé àwọn ológun ń yẹ gbogbo ìwé rẹ̀ wò kó tó jáde. Síbẹ̀, ìfẹ́ tó ní sí wọn náà bo ojú rẹ̀ díẹ̀.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó lọ sílé ní oṣù kẹsàn-án 1944, ara rẹ̀ kò dá. Nígbà tó di oṣù kìíní 1945, ó tún lọ, lọ́tẹ̀ yìí sí òkun Pàsífíìkì láti bá àwọn tó ń bá Japan jà. Inú ọkọ̀ ogun USS Cabot tí bàálù ń bà lé ló kọ́kọ́ wọ̀. Àwọn ológun ojú omi ní kò gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn atukọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Ó bá wọn fà á títí wọ́n fi yọ̀ǹda fún òun nìkan.

Ní 18 oṣù kẹrin 1945, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ikú Ààrẹ Roosevelt, ó wà nínú jíìpù pẹ̀lú ọ̀gágun kan ní erékùṣù kékeré Ie Shima, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Okinawa. Ìbọn àrọ̀jò àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n bẹ́ sínú kòtò. Pyle gbé orí sókè láti wo àwọn tó kù, ọta ìbọn sì bá a ní ẹ̀bátí òsì. Ẹni ọdún 44 ni. Nínú àpò rẹ̀, wọ́n bá ìwé kan tó ti kọ sílẹ̀ de ọjọ́ tí ogun yóò parí ní Yúróòpù, lórí àwọn òkú tí kò yẹ ká gbàgbé. Ogun náà parí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.

Àárín àwọn ọmọ ogun kékeré ni wọ́n sin ín sí ní erékùṣù náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Honolulu. Àwọn òṣìṣẹ́ Boeing ní Wichita dáwó ra bàálù B-29 kan, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Scripps-Howard dá ẹ̀bùn sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ fún àwọn oníròyìn tó ń kọ nípa ènìyàn bíi tirẹ̀. Ní 1983 ni àwọn ológun fún un ní Purple Heart, àmì ẹ̀yẹ àwọn tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó kú lójú ogun, tó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó fún ẹni tí kì í ṣe ológun. Jerry kò rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Oṣù kọkànlá 1945 ló kú. Ilé kékeré tí àwọn méjèèjì kọ́ sí Albuquerque, ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ti di ilé ìkàwé gbogbo ènìyàn láti 1948.