Terry Fox: Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé ní 1977, àti ẹsẹ̀ tí àwọn dókítà ń gbà là lónìí

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà ló mọ orúkọ Terry Fox. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti dé, olùkọ́ á kó wa síta, a ó sáré yí pápá po, a ó sì mú dọ́là kan tàbí méjì wá láti ilé. A mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ló fi sáré. A mọ̀ pé jẹjẹrẹ ló pa á. Àmọ́ díẹ̀ nínú wa ló béèrè ìdí tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ náà, àti bóyá wọn ì bá gé e ká ní òde òní ni. Ìdí nìyẹn tí a fi padà sí ìtàn rẹ̀.

Ta ni Terry Fox?

Ìlú Winnipeg ni wọ́n ti bí Terrance Stanley Fox ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 1958. Rolland àti Betty Fox ni òbí rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, Terry sì ni ìkejì. Port Coquitlam ní British Columbia ló dàgbà sí.

Basketball ló fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó kúrú, kò sì mọ̀ ọ́n gbá. Olùkọ́ eré ìdárayá rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó kúkú lọ máa sá eré ọ̀nà jíjìn. Ó sáré lóòótọ́, àmọ́ kò fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Nígbà tó máa parí iléèwé girama, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Doug Alward, ló jọ gba àmì ẹ̀yẹ eléré ìdárayá tó pegedé jù. Ó wọ Yunifásítì Simon Fraser, ó sì rí àyè nínú ẹgbẹ́ basketball àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀.

Orúnkún tó ń dùn ún

Ní oṣù Kọkànlá, 1976, ọkọ̀ tó ń wà lọ sílé kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló dùn ún díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ìrora náà tún dé, ó sì gbé e mọ́ra kó lè gbá bọ́ọ̀lù títí sáà náà fi parí. Nígbà tó fi di oṣù Kẹta, 1977, kò lè fara dà á mọ́. Ilé ìwòsàn ló ti gbọ́ pé osteosarcoma ni, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú egungun fúnra rẹ̀. Terry gbà pé ìjàǹbá ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn dókítà sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àrùn yìí kò wọ́pọ̀. Àmọ́ àwọn ọmọdé tó ń dàgbà àti àwọn ọ̀dọ́ ló sábà máa ń mú, itòsí orúnkún ló sì ti máa ń yọjú jù, níbi tí egungun ti ń yára gùn.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sókè orúnkún. Ọmọ ọdún 18 ni. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe nígbà náà nìyẹn, torí pé bí ó bá ṣẹ́ kù bíńtín nínú jẹjẹrẹ náà, á tún hù. Kò sì tíì sí ẹ̀rọ MRI nílé ìwòsàn tí ì bá fi ibi tó parí sí nínú ẹran ara hàn kedere.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oṣù 16 ló fi gba oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní chemotherapy. Irun rẹ̀ re. Ó rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń jẹ̀rora, tí àwọn kan sì ń kú. Wọ́n sọ fún un pé ó ní ìdá 50 nínú 100 láti yè, àti pé ní ọdún méjì ṣáájú, ìdá 15 péré ni ì bá jẹ́. Ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn ló mú ìyàtọ̀ náà wá. Kò gbàgbé èyí.

Ọjọ́ 143 lójú ọ̀nà

Lálẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ rẹ̀, ẹni tó ti kọ́ ọ ní basketball rí mú ìwé ìròyìn kan wá fún un. Ìtàn Dick Traum ló wà níbẹ̀, ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sá eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ti New York. Láti ibẹ̀ ni Terry ti pinnu pé òun á sáré la Kánádà já láti kówó jọ fún ìwádìí jẹjẹrẹ.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, 1980, ó ti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ bọ òkun Àtìláńtíìkì ní St. John's, ó sì bẹ̀rẹ̀. Alward ló ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Nǹkan bíi kìlómítà 42 ló ń sá lójúmọ́. Á fi ẹsẹ̀ òsì tọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá gbé ìṣísẹ̀ kan. Ibi tí wọ́n gé máa ń bó, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tó dé Ontario, èrò ti ń tò sẹ́bàá ọ̀nà láti rí i.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, nítòsí Thunder Bay, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti sá kìlómítà 5,373 ní ọjọ́ 143. Nígbà tó fi di oṣù Kejì, 1981, owó tó wọlé ti lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là, ìyẹn dọ́là kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Kánádà, bó ṣe fẹ́ kó rí. Ó kú ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, 1981, nígbà tó ku oṣù kan kó pé ọmọ ọdún 23.

Ká ní òde òní ni ńkọ́?

Lónìí, ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀dọ́ tó ní irú jẹjẹrẹ yìí lápá tàbí lẹ́sẹ̀ ni wọn kì í gé ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á fún aláìsàn ní chemotherapy fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó kan ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ abẹ á yọ egungun tí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹran tí kò ní àrùn tó yí i ká, kí ọ̀bẹ má bàa kan jẹjẹrẹ náà rárá.

Àtúnṣe ló kù. Wọ́n lè fi egungun àti orúnkún onírin dí àlàfo náà, tàbí egungun tí ẹni tó ti kú fi tọrẹ. Bí ara kò bá tó bo irin náà níwájú ojúgun, wọ́n á yí iṣan ẹ̀yìn ojúgun wá síwájú láti bò ó. Fún ọmọdé tó ṣì ń ga, irin kan wà tí wọ́n lè fi agbára òòfà mú gùn láìtún la ẹsẹ̀ náà.

Ọ̀nà kan tún wà tó ń ya èèyàn lẹ́nu. Wọ́n á yọ ibi orúnkún kúrò, wọ́n á gbé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á yí i kí gìgísẹ̀ kọjú síwájú, wọ́n á sì so ó mọ́ itan. Ọrùn ẹsẹ̀ á wá máa ṣiṣẹ́ orúnkún nínú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ojú lè má tètè gbà á, àmọ́ ẹni tó bá ní in lè sáré kó sì fò.

Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí pé irin máa ń jẹ, kòkòrò àrùn lè wọ̀ ọ́, dókítà kì í sì í fẹ́ kí ẹni tó ní in máa sáré líle. Ó ṣeé ṣe kí Terry má lè sá kìlómítà 42 lójúmọ́ ká ní orúnkún onírin ni wọ́n fi sí i. Àwọn míì sì wà tí wọ́n ṣì ń gé ẹsẹ̀ wọn, bí jẹjẹrẹ bá ti lọ́ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Gígé ẹsẹ̀ kọ́ ló sì pa Terry; èyí tó ti sá lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ni. Chemotherapy ló ń lé irú ìyẹn bá, òun náà sì ni ìwádìí ń mú dára sí i. Láti 1981 títí di òní, ìsáré tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ti pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 850 dọ́là.

Ohun kan wà tí a fẹ́ mú lọ sílé nínú ìtàn yìí. Nínú ilé Yorùbá, bí orúnkún bá ń dun ọmọ, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù ló fà á tàbí pé ó ń ga ni, wọ́n á sì fi Robb ra á. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń jẹ́ òótọ́. Àmọ́ bí ìrora egungun bá ń jí wa lóru, tó ń pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tàbí tí ibẹ̀ wú, ká má ṣe gbé e mọ́ra bíi ti Terry nítorí eré tó kù. Ká sọ fún Mọ́mì, ká sì ní kí dókítà ya X-ray. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.