George Edward Barton

George Edward Barton (ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1871 – ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1923) jẹ́ ayàwòrán-ilé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn tó dá occupational therapy sílẹ̀, ìyẹn ìtọ́jú tí a fi ń lo iṣẹ́ ṣíṣe láti dá agbára aláìsàn padà. Barton kì í ṣe dókítà; aláìsàn ni òun fúnra rẹ̀.

Brookline ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni wọ́n bí i sí. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló kọ́kọ́ da iṣẹ́ rẹ̀ rú, èyí tó gbé e dé Colorado. Ní ọdún 1912, wọ́n gé lára ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ rọ. Àwọn oníṣègùn ìgbà náà kà á sí àìsàn tí ọkàn fà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò gbé nǹkan kò gbé nǹkan náà ni.

Ibi ìtọ́jú kan ní Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York, ni àlùfáà Elwood Worcester ti gbà á níyànjú pé kó wá iṣẹ́ ṣe. Barton ra ilé kan nítòsí, ó sọ ọ́ ní Consolation House, ó sì ṣí i ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ọdún 1914. Iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ ọgbà ni ó fi tọ́jú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ayùn rẹ́ pákó kò ní ṣàì wá iṣẹ́ fún ọwọ́ méjèèjì: ọ̀kan á di pákó mú, èkejì á máa fa ayùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ń jí. Irú ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà lónìí kí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù lè tún wọ ẹ̀wù tàbí kó fi ṣíbí jẹun fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1917, ènìyàn mẹ́fà pàdé nínú ilé yìí láti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà: Barton, William Rush Dunton, Eleanor Clarke Slagle, Susan Cox Johnson, Thomas Kidner àti Isabel Newton, akọ̀wé Barton. Wọ́n fi Barton ṣe ààrẹ. Kò tọ́ kí a fi gbogbo ìyìn fún un ṣá o, nítorí nọ́ọ̀sì Susan Tracy, tí kò ráyè wá síbi ìpàdé náà, ti ń kọ́ àwọn aláìsàn níṣẹ́ ọwọ́ ṣáájú rẹ̀.

Barton kò pẹ́ lórí oyè. Dunton rọ́pò rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ó fẹ́ Newton ní ọdún 1918, ó tẹ ìwé Teaching the Sick jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì kú ní ẹni ọdún 52.