Abul-Qasim Az-Zahrawi: Abẹ́rẹ́ Kí Ọ̀bẹ Tó Dé

Bí kókó bá yọ sí ènìyàn lọ́rùn tàbí lọ́mú, tó sì dé ọsibítù, dókítà sábà máa ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ rárá. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sá fún abẹ́rẹ́ yìí. Ọkùnrin kan wà tó ti mọ irú ìwúlò bẹ́ẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Ìlú Az-Zahra, lẹ́bàá Qurtuba ní Andalus, ilẹ̀ Sípéènì òde òní, ni orúkọ Az-Zahrawi ti wá. Nǹkan bí ọdún 936 ni wọ́n bí i. Ìwé rẹ̀, At-Tasrif, la fi mọ̀ ọ́n jù. Apá 30 ni ìwé náà ní. Èyí tó kẹ́yìn dá lórí iṣẹ́ abẹ, àwòrán irinṣẹ́ inú rẹ̀ sì tó bíi 200.

Níbẹ̀ ló ti sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Oníṣègùn aláìmọ̀kan kan la kókó ọrùn obìnrin kan, ó gé iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dà títí obìnrin náà fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe kókó ló pa á!

Nítorí irú èyí ló ṣe kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àwọn tó ń pè ní ọmọ òun, nípa gẹ̀gẹ̀. Ó ní òmíràn dà bí àpò ọ̀rá, òmíràn sì dà bí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú. Ewu ńlá ni láti la irú kejì yìí. Èyí tó bá kéré, kí wọ́n kọ́kọ́ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń pè ní midass wádìí rẹ̀. Wọn á máa yí i díẹ̀díẹ̀ wọlé, wọn á fà á yọ, wọn á sì wo ohun tó bá a jáde. Bó bá jẹ́ ọ̀rá tí kò so mọ́ iṣan, wọ́n lè gé e. Lóòótọ́, irin náà kò fa nǹkan bí abẹ́rẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi kókó.

Kò sì purọ́ agbára. Lórí jẹjẹrẹ tó ti pẹ́ tó sì ti tóbi, ó jẹ́wọ́ pé òun kò wo ọ̀kan sàn rí, òun kò sì rí ẹni tó wò ó.

Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013. Gerard ti Cremona túmọ̀ apá iṣẹ́ abẹ náà sí èdè Látìn ní Toledo, àwọn oníṣẹ́ abẹ Yúróòpù sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1930, ní New York, Hayes Martin àti Edward Ellis kọ̀wé lórí fífi abẹ́rẹ́ fa inú kókó, kí wọ́n sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ni. Lónìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fífà náà ń gbà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò sì nípọn ju èyí tí wọ́n fi ń gún wa fún ibà.