Mary Slessor àti Ọ̀ràn Ìbejì

Nínú ìwé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa yìí, bóyá ni a fi rí ọdún kan tí kò ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ìjió, bí a bá bí ìbejì, ẹ̀wà ni a ó máa sè, àwọn aládùúgbò a sì máa wọlé wá kí ìyá. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ sọ fún wa nípa obìnrin òyìnbó kan tí ó ń gba ìbejì sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú, a rò pé ó ń ṣe àsọdùn ni. Kò ṣe àsọdùn rárá.

Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1848 ni a bí Mary Mitchell Slessor ní ìlú Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland. Ọmọ kejì ni nínú ọmọ méje. Robert bàbá rẹ̀ jẹ́ aránbàtà, ṣùgbọ́n ọtí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá wọn tí ń hun aṣọ ni ó di ilé mú. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Dundee, Mary wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni. Ìdajì ọjọ́ ni ó ń lò nídìí ẹ̀rọ, ìdajì kejì ní ilé ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ kì í fi ìròyìn iṣẹ́ ìhìnrere ní Kàlàbá ṣeré, ọmọ náà sì jogún ìfẹ́ yìí. Nígbà tí David Livingstone kú, tí òkìkí ikú rẹ̀ sì kan ní 1874, Mary fi ara rẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹjọ 1876 ó wọ ọkọ̀ ojú omi Ethiopia, ó sì gúnlẹ̀ sí Kàlàbá ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ó bá níbẹ̀ burú. Ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn agbègbè náà ni pé ọkùnrin kan kò lè fún obìnrin ní ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀mí èṣù kan ni ó gbọ́dọ̀ bí ọ̀kan nínú wọn, níwọ̀n ìgbà tí kò sì sí ẹni tí ó lè mọ èyí tí í ṣe ti èṣù, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pa, tàbí kí wọ́n kó wọn sínú ìkòkò, kí wọ́n gbé wọn sọ sínú igbó. Wọn a lé ìyá wọn jáde ní ìlú bí ẹni ìbàjẹ́. A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí gbéra ga: àwọn àgbà jẹ́wọ́ pé ní àwọn apá kan ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, wọ́n ti ka ìbejì sí èèwọ̀ nígbà kan rí, kí ó tó di ohun tí a ń fi ijó gbà.

Mary kò dúró sí ilé míṣọ́n kí ó máa kígbe. Ó kọ́ èdè Efik títí ó fi ń sọ ọ́ bí ọmọ ibẹ̀, ó gé irun rẹ̀ kúrú, ó ń rìn láìwọ bàtà, ó sì ń jẹ oúnjẹ wọn. Bí a bá ti wá sọ fún un lóru pé a bí ìbejì, á dìde lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbà là ni ọmọbìnrin tí ó sọ ní Janie. Arákùnrin tí wọ́n jọ wà nínú oyún kò rù ú là. Nígbà tí àìsàn dá Mary padà sí Scotland ní 1883, ó gbé Janie dání.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Janie àti arákùnrin rẹ̀, nítorí pé a ti mọ ohun tí Mary fúnra rẹ̀ kò lè mọ̀ nígbà náà. Ọ̀nà méjì ni ìbejì ń gbà wá. Nígbà mìíràn, ẹyin obìnrin kan ṣoṣo tí àtọ̀ ọkùnrin ti bá pàdé ni yóò pín sí méjì. Irú ìbejì bẹ́ẹ̀ a máa jọ ara wọn bí omi méjì, ọkùnrin nìkan tàbí obìnrin nìkan ni wọn yóò sì jẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹyin méjì ni ara ìyá yóò tú sílẹ̀ lóṣù kan náà, àtọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò sì bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pàdé. Tọkùnrin tobìnrin ni Janie àti èkejì rẹ̀, nítorí náà ẹyin méjì ni wọ́n ti wá. Kò sí èṣù kankan níbẹ̀.

Ti ẹyin kan tí ó pín sí méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo láyé: mẹ́ta sí mẹ́rin ni nínú 1,000 ìbímọ. Ti ẹyin méjì ni ó yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, àwa Yorùbá ni a sì mọ̀ mọ́ ọn jù. Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá tí kò jìnnà sí wa, gba òkìkí rẹ̀. Àwọn ìwádìí tí oníṣègùn Percy Nylander ṣe láti Ìbàdàn fi hàn pé ìbejì lé ní 40 nínú 1,000 ìbímọ níbẹ̀, ó sì rí i pé èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú ẹyin gbó pọ̀ lára àwọn ìyá tí ń bí ìbejì ju ti àwọn yòókù lọ. Àbùdá yìí a máa rìn nínú ẹbí. Àwọn ará Igbó-Ọrà ní tiwọn sọ pé ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà iṣu ni. Àwọn onímọ̀ kò tíì rí ẹ̀rí tí ó fìdí èyí múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ti jẹ àmàlà láti kékeré, a kò sì bí ìbejì rí.

Ṣùgbọ́n àbùdá tí a jogún kì í dá iṣẹ́ ṣe. Inú ìyá náà jẹ́ ilẹ̀ tí ọlẹ̀ ń dàgbà lórí rẹ̀. Àwọn ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan wá, tí àbùdá wọn kò yàtọ̀, lè jáde kí ọ̀kan sanra kí èkejì rù, nítorí pé ibi ọmọ tí wọ́n jọ ń lò fún ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ ju èkejì lọ. Ibà tí ó bá wọ ibi ọmọ a máa dín ìwọ̀n ọmọ kù. Ọtí tí aboyún bá mu a máa gba ìwọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Mary, tí ó ti rí ohun tí ọtí ṣe nínú ilé bàbá rẹ̀, bá òwò jíìnì tí àwọn ọkọ̀ òyìnbó ń kó wá sí Kàlàbá jà gidigidi.

A ní ìdí tí a fi ń sọ èyí fún ẹ̀yin òbí. Nínú iṣẹ́ àlùfáà wa, a ti jókòó ní yàrá kan tí ìyá ọkọ ti ń lé ìyàwó nítorí pé obìnrin nìkan ni ó ń bí, ọmọ tí ó gbé sẹ́yìn sì ni ẹ̀kẹrin. A ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi ṣú pé àtọ̀ ọkùnrin ni ó ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni ọmọ yóò jẹ́. Ìyá náà kò dá wa lóhùn. Ní ọjọ́ náà ni a mọ bí iṣẹ́ Mary ti le tó.

Ní 1888 ó lọ sí Okoyong, níbi tí àwọn ẹlòmíràn kò fẹ́ dé, ó sì gbé láàrin wọn fún ọdún púpọ̀. Ìjọba fi í ṣe aṣojú wọn níbẹ̀ ní 1892, ó sì ń jókòó ní kóòtù dá ẹjọ́. Ó ti fẹ́ fẹ́ olùkọ́ kan nínú míṣọ́n, ṣùgbọ́n àìlera ọkùnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n gbà á láàyè láti wá bá a ní Okoyong, Mary kò sì gbà láti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Kò lọ́kọ títí ó fi kú. Àwọn ọmọ tí ó gbà là ni wọ́n kún ilé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kínní 1915, ní abúlé Use, ibà pa á. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Janie àti àwọn ọmọbìnrin yòókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ gba orí odò lọ sí Kàlàbá, wọ́n sì sin ín sórí òkè ní Duke Town.